Àga Aláwọ Kì í Jẹ Òrí

Fídíò kan tún ti dé sórí WhatsApp ẹbí wa. Obìnrin kan bu òrí sọ́wọ́, ó ń fi ra àga aláwọ rẹ̀ bí ẹni ń ra ọmọ tuntun lára, àga náà sì ń dán gbinrin. Kí n tó wò ó tán, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń dáhùn: "Òótọ́ ni o, awọ máa ń fẹ́ oúnjẹ. Bí ẹ ò bá fún un jẹ, yóò bó." Ẹnì kan ní òróró ẹ̀pà ni òun ń lò. Èkejì ní Vaseline. Ọ̀kan tó ń gbé ní London ní òróró ólífì tí a pò mọ́ fínígà ló dára jù.

Gbogbo wọn ló ṣì í. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí mo bí ọmọ wa kejì, ìyá ọkọ mi wá bá wa wẹ ọmọ nílé wa n'Íbàdàn. Òrí tí wọ́n gbé wá pọ̀ ju ara ìkókó lọ, ni wọ́n bá ń fi èyí tó ṣẹ́ kù pa àga pálọ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí àlejò tó wọlé tí kò yin àga náà. Ọyẹ́ wá dé. Gbogbo eruku tó gba ojú fèrèsé wọlé ló lẹ̀ mọ́ ọn. A nù ún, ó di ẹrẹ̀. Àkọ́bí mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun iléèwé rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú máàpù Nàìjíríà lẹ́yìn. Ta ni mo fẹ́ bi? Ìyá ọkọ ni wọ́n. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo dákẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé awọ àga ti jẹun yó kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú awọ àga òde òní, iyọ̀ kóróómù, kẹ́míkà kan tí kì í jẹ́ kí awọ jẹrà, ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀nà tí Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1884. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kó awọ sínú àgbá ńlá kan tó ń yí, pẹ̀lú òróró tí wọ́n ti pò mọ́ omi títí tó fi funfun bíi mílíìkì. Ibẹ̀ ni òróró ti ń wọ inú awọ, tí awọ fi ń rọ̀. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á kun ọ̀dà aláwọ̀ sí i lójú, wọ́n á tún fi ọ̀dà mìíràn tó mọ́ gaara bò ó. Ọ̀dà yìí ni ọwọ́ yín ń kàn, kì í ṣe awọ. Ẹni tó ń fi òrí pa á kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi òrí pa mọ́tò.

Ẹ kán omi ẹyọ kan sí ibi tó fara pamọ́ lára àga yín. Bí ó bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀dà wà lójú rẹ̀. Bí àga bá mu ún, tí ojú ibẹ̀ dúdú díẹ̀, irú awọ tí kò ní ọ̀dà ni, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n nílé ọlọ́mọ. Òróró á wọ ìyẹn lóòótọ́, àbàwọ́n rẹ̀ ò sì ní jáde mọ́.

Mi ò ní bú àwọn àgbà tó gbà pé awọ ń fẹ́ epo, nítorí awọ tiwọn ń fẹ́ ẹ. Tìmùtìmù tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ń ṣe ní Ọ̀yọ́, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi èso igi tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa ṣe ní Kano, sálúbàtà aláwọ tí bàbá mi ń wọ̀: kò sí ọ̀dà tó bo irú wọn lójú. Bí ọyẹ́ bá fà wọ́n gbẹ, òróró díẹ̀ á rọ̀ wọ́n. A wá gbé ìmọ̀ sálúbàtà lọ bá àga.

Èyí tó tún burú ni pé púpọ̀ nínú àga tí a ń fi òrí pa kì í ṣe awọ rárá. Ẹ ṣí síìpù fóòmù àga yín, kí ẹ wo ẹ̀yìn ohun tó bò ó. Bó bá rí wúruwùru bí ẹ̀yìn bẹ́líìtì awọ, awọ ni. Bí ẹ bá rí aṣọ tí wọ́n hun, tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lójú, lẹ́dà lásán ni, èyí tí wọ́n ń pè ní PU. Ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń já ọ̀rá yẹn sí wẹ́wẹ́ láti inú wá. Ìdí nìyẹn tí àga fi ń bó l'Ékòó bí ẹja tí wọ́n ń họ ìpẹ́ rẹ̀. Kò sí òrí, kò sí àdí tó lè dá a dúró. Bí oníṣòwò bá sọ pé ẹ kò fún un lóúnjẹ ló ṣe bó, ẹ bi í pé kí ni ọ̀rá ń jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Lára àga aláwọ gidi, ibi tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ibi tí orí ń sinmi lé àti ibi tí apá ń sinmi lé. Kí ló wà níbẹ̀? Òróró! Ìpara irun, ìpara ara, òógùn. Wọn ò ní dé inú awọ, àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀dà á máa rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á wá ṣí. Iṣẹ́ tí orí ọkọ mi ń fi sùúrù ṣe fún àga, òrí ni à ń fi bá a yára ṣe é.

Àwọn ará ìgbàanì mọ̀. Ní London láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, ìpara irun kan tí wọ́n ń pè ní Macassar oil gbòde láàárín àwọn ọkùnrin, ó sì ń ba àga jẹ́ débi tí wọ́n fi ń tẹ́ aṣọ kékeré sí ẹ̀yìn àga. Antimacassar ni wọ́n ń pe aṣọ náà ní nǹkan bí ọdún 1850. Òun náà ló wá di kúróṣè funfun tí ìyá mi fọwọ́ ara wọn hun, tó wà lórí gbogbo àga nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nu imú. A ní ó ti di ayé àtijọ́, a kó o dànù, a wá gbé òrí.

Ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ kò le. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ gbọn eruku kúrò ná, nítorí iyanrìn ló ń ha ọ̀dà nígbà tí àwọn ọmọ bá ń fò lórí àga. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ẹ̀kán ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọdé olómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi nù ún, ẹ fi omi lásán nu ọṣẹ kúrò, ẹ fi gbígbẹ parí. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú o! Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Eérú ni wọ́n fi ń se é, eérú sì ni àwọn tó ń ṣe awọ láyé àtijọ́ fi ń ré irun kúrò lára awọ tútù. Wáìpù ìdí ọmọ náà, bó bá di ojoojúmọ́, á jẹ ọ̀dà.

Bí ọbẹ̀ bá dà sí i, ẹ fi tíṣù fà á, ẹ má fi ra á. Bó bá ku ojú epo, ẹ bu páúdà lé e di ọjọ́ kejì. Bírò ni mi ò ní purọ́ fún yín lé lórí: sípíríìtì á yọ ọ́, á sì yọ àwọ̀ àga mọ́ ọn. Mo ní ọ̀kan lápá ọ̀tún àga mi, ọmọ mi kẹta ló kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, a ti gbà fún un.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lóṣù tó kọjá. Wọ́n rí kúróṣè lórí àga, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ tún ti ń lo eléyìí?" Òrí wà nínú báàgì wọn bí ìṣe wọn. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi pa.