A Kì Í Ṣoore Tán Ká Tún Lóṣòó Tì Í

Wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìjì líle ti jà ní ìhà Éṣíà lọ́hùn-ún, omíyalé ti ṣọṣẹ́ tán, ìyá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì kékeré lé e lọ́wọ́. Ìyá gbà á, ó tẹríba, ó fẹ́ wọlé. Ni ọmọkùnrin yìí bá gba àpò padà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yà wọ́n kò tíì rí i yà dáadáa. Ẹlòmíì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá gba ìrẹsì kan ṣoṣo. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tẹríba mọ́. Bàtà òjò ọmọkùnrin náà mọ́ tónítóní.

Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Ẹni tó bá lóṣòó ti nǹkan, ó ń ṣọ́ ọ ni, bí ẹni ń ṣọ́ àgbàdo tó sá sóòrùn nítorí adìẹ. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ á dun ẹni tó lóṣòó, á sì dìde tó bá yá. Foonu ni tòde òní fi ń lóṣòó, foonu ò sì ní orúnkún tó lè dùn ún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vietnam. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìjì líle Yagi fọ́ ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà. Afárá Phong Châu já sínú odò, òkè ya lu abúlé Làng Nủ, owó ìrànwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Àjọ Fatherland Front tó ń gba owó náà wá gbé àkọsílẹ̀ báńkì síta kí tolórí tẹlẹ́mù lè rí i, ojú ìwé tó lé ní 12,000. Làwọn èèyàn bá jókòó tì í, wọ́n ń wá orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣírí tú! Ẹni tó ti gbé rìsíìtì owó gọbọi sójú òpó rẹ̀, tí wọ́n ti kí i kú inúure títí, báńkì ní owó táṣẹ́rẹ́ ló fi ránṣẹ́. Phông bạt ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀, ìyẹn aṣọ ńlá tí wọ́n ń ta sẹ́yìn pèpéle kí ojú ibẹ̀ lè dùn ún wò. N ò bínú sí ẹni tó fi díẹ̀ ránṣẹ́ o. Díẹ̀ náà á ra omi mímu. Àmọ́ kí èèyàn fi àjálù ọmọ ẹlòmíì ṣe aṣọ ẹ̀yìn pèpéle, ìyẹn ti kọjá àṣìṣe.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ayé ló bàjẹ́. Ní Taiwan, òkè kan ya ní oṣù Keje ọdún 2025, ó dí odò Matai'an, omi sì gbára jọ di adágún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, tí òjò ìjì Ragasa ń rọ̀, adágún náà kún àkúnya, omi àti ẹrẹ̀ ya wọ ìlú Guangfu ní Hualien, ẹ̀mí tó lé ní 15 sì lọ sí i. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ síbẹ̀ fi kún fọ́fọ́ fún àwọn tó gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ló tò sínú ẹrẹ̀ kan náà. Àwọn ará Taiwan fún wọn lórúkọ tó pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n ní akọni oníṣọ́bìrì. Ẹrẹ̀ omíyalé kì í sì í ṣe ohun eré. Tó bá tutù, á fa bàtà yọ lẹ́sẹ̀ ẹni. Tó bá gbẹ, á le bíi bíríkì. Ọwọ́ tó bá ti ki bọ̀ ọ́ láti àárọ̀ kò ṣe é fi tẹ foonu.

Kí n má parọ́, èmi náà ti lóṣòó rí. Nígbà kan tá a ń kó aṣọ jọ fún àwọn tí omi lé kúrò nílé, mo ju kóòtù kan sí i, mo sì dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé èmi ni mo mú un wá. Obìnrin tó ń tú ẹrù fà á yọ. Ó fa síìpù rẹ̀ sókè, kò lọ. Ó tún un fà. Ó gbójú sókè wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó sì jù ú sórí òkìtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkìtì náà ga jù mí lọ. Mo mọ̀ pé síìpù yẹn ti kú kí n tó mú un kúrò nílé.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ní Japan, ìbọ̀wọ́ rẹ, omi rẹ àti oúnjẹ ọ̀sán rẹ, ìwọ lo máa gbé e wá; wọn kì í fẹ́ kí ẹni tó wá ṣèrànwọ́ tún di ẹrù. Wàá gba adójútòfò, wàá tò, wọ́n á sì yan iṣẹ́ fún ọ. Lọ́dún 2019 tí ìjì Hagibis mú kí odò Chikuma ya bèbè ní Nagano, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí wọ́n tú pákó ilẹ̀ ilé, kí wọ́n sì fa ẹrẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀ lórí ìdúbúlẹ̀. Òmíràn ni kí wọ́n kó ẹrẹ̀ kúrò nídìí igi ápù, kí gbòǹgbò lè mí. Ta ló fẹ́ wo fídíò ìyẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ bi onílé léèrè kẹ́ ẹ tó da nǹkan rẹ̀ nù. Ìwé fọ́tò tó rin gbingbin, ìdọ̀tí ni lójú tiyín. Ibẹ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kí ojú ọkọ onílé náà kù sí láyé. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, torí ìṣó tó dípẹtà wà nínú omi yẹn, ìtọ̀ eku náà wà níbẹ̀, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ sì lè gba ojú egbò wọ ara lọ ba kíndìnrín jẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọ síbí, ẹ fọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ dé ibi tó bàjẹ́ jù, ṣé ìran lẹ wá wò ni?

Ká tiẹ̀ ní ẹ ṣe gbogbo ìyẹn, ọjọ́ mélòó lẹ máa fi ṣe é? Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjì Haiyan, tí àwọn ará Philippines ń pè ní Yolanda, ru òkun wọ ìlú Tacloban. Òkú lé ní 6,000 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo kámẹ́rà ayé ló wà níbẹ̀ lóṣù yẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìdílé kan ṣì ń sùn nínú ilé onígbà díẹ̀, wọ́n ń retí ilé tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Níbo ni gbogbo àwọn tó lóṣòó wà nígbà yẹn? Wọ́n ti gbé ìdí lọ síbi àjálù tuntun.

Mo tún fídíò ìyá yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ ìwọ̀nyí. Ṣọ́bìrì kan fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, lápá òsì. Ọmọkùnrin méjì tó lágbára wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá gbé ìrẹsì rẹ̀ sórí fèrèsé kó má bàa rin, ó sì nawọ́ mú ṣọ́bìrì náà fúnra rẹ̀.