Ẹ Ń Yẹ Ṣúgà Wò, Ta Ló Ń Yẹ Iyè Wò?

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn àgbàlagbà á ti tò sórí bẹ́ǹṣì níbi ìtọ́jú alátọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì á gún wọn lọ́mọ ìka, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á kọ nọ́ńbà sínú káàdì, ó di ìgbà mìíràn. Kò sẹ́ni tí yóò bi màmá pé ọjọ́ wo lòní, tàbí bóyá wọ́n rántí lo oògùn lánàá.

Ìyá ọ̀kan lára àwa òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí lo hóró glibenclamide kan, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, wọ́n tún lo òmíràn, torí ti àkọ́kọ́ ti fò lọ lórí wọn. Oúnjẹ gan-an, wọ́n rò pé àwọn ti jẹ ẹ́. Lọ́sàn-án, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń sọ kántankàntan, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe ọmọ wọn. Ará ilé ní ayé ni, wọ́n ti rán ọmọ sí ààfáà. Aládùúgbò kan tó mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ló ní kí wọ́n po ṣúgà sómi fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣì lè gbé e mì. Kò pẹ́ tí màmá fi béèrè pé kí ló kó èrò jọ. Síbẹ̀, ọsibítù ni wọ́n sùn mọ́jú, nítorí glibenclamide kì í tètè kúrò lára.

Kì í ṣe ayé, ṣúgà ara wọn ló wálẹ̀ jù. Ọpọlọ kò ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara wa lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ṣúgà náà bá wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL, ewu dé. Bó bá sì ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ọpọlọ jẹ́. Ìdí nìyí tí iyè alátọ̀gbẹ fi ń tètè rá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá sì ti ń rá, òun náà ni yóò ṣi oògùn lò.

A fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa pa á láṣẹ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí gbogbo alátọ̀gbẹ tó bá ti pé ọdún 65 ṣe àyẹ̀wò iyè, ní èdè Yorùbá. Àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ti fi í sínú ìlànà tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé kò sí ìbéèrè tó bá tiwa mu. Ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára wọn, ti lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, láti mọ àgbà tí iyè rẹ̀ ń rá. Ẹni tí kò mọ̀wé lè dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n sì bi ará ilé náà léèrè. Àwọn dókítà á ní èrò pọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ nọ́ọ̀sì lè ṣe é.

Ti glibenclamide wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú arúgbó ti ń kìlọ̀ pé kí a má máa fún àgbàlagbà. Ó ń bá a lọ torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo wa, ẹ jẹ́ kó san owó oògùn tí kò ní gbé àgbà ṣubú.

Màmá ọjọ́ yẹn ti pààrọ̀ oògùn. Ọmọ wọn ló ń ka hóró tọ̀la sínú agolo kékeré lálaalẹ́. Káàdì wọn ò yí padà: ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ara. Kò sí àyè tí wọ́n ń kọ iyè sí.