Àwọn Aṣòfin Ọdún 1866 Mọ Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Maryland, bí àwo oyin àti iyọ̀ ti ń yí kiri, ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jókòó tì mí gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 kalẹ̀, èyí tí ó ní kí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé, tàbí tí ó kàn wá fún ìgbà díẹ̀, má jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà bí wọ́n tilẹ̀ bí i síbí, bí bàbá rẹ̀ náà kò bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kí ó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́. Adájọ́ kan ti dá àṣẹ náà dúró kí oṣù náà tó parí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní kò burú rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò, òfin àwọn ẹrú ni Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tí ó ní ọmọ tí a bí síbí jẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe irú àwa yìí." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an nínú ilé aṣòfin kí wọ́n tó dìbò." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwé àkàjù ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọjọ́ ayọ̀ ni, ọmọ tuntun sì wà níwájú wa, mo bá dákẹ́. N kò ní dákẹ́ níbí.

Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọkàndínlógójì ti Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin tí ó ṣe Àtúnṣe náà, ni mò ń sọ, èyí tí sáà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1865, tí ó sì parí ní oṣù Kẹta ọdún 1867. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n ti pa Ààrẹ Lincoln, Andrew Johnson tí ó gorí àléfà sì ń dárí ji àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù bí ẹni ń pín ẹ̀bùn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ní ọdún 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, pé aláwọ̀ dúdú, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ ẹni òmìnira, kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ní Mississippi, wọ́n ti ṣe òfin tuntun pé kí aláwọ̀ dúdú máa mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá níṣẹ́, wọn a ní ó ń rìn gbéregbère, wọn a bu owó ìtanràn lé e, bí kò bá sì rí owó náà san, wọn a fà á lé ẹni tí ó bá bá a san án lọ́wọ́, kí ó máa sìn ín bí ìwọ̀fà.

Ohun tí wọ́n fẹ́ tú ká nìyẹn, òótọ́ sì ni pé àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sẹ́nétì ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1866. Jacob Howard láti Michigan gbé gbólóhùn tí ó wà nínú Àtúnṣe náà wá, pé gbogbo ẹni tí a bá bí sí Amẹ́ríkà, tí ó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Edgar Cowan láti Pennsylvania fò dìde. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ará Ṣáínà tí wọ́n bí sí California yóò di ọmọ ìlú, àti ọmọ àwọn Gypsy tí ń ṣí kiri ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó dá a lóhùn ni John Conness láti California, àlejò fúnra rẹ̀, nítorí Ireland ni wọ́n ti bí i. Conness kò yí ọ̀rọ̀ po: ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọmọ àwọn ará Ṣáínà náà jẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tí ó ta ko gbólóhùn náà àti ẹni tí ó gbè é lẹ́yìn jọ gbà pé ọmọ àlejò wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dìbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Wong Kim Ark, ọmọ ará Ṣáínà tí wọ́n bí sí San Francisco, dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1898, ohun kan náà ni àwọn adájọ́ fara mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fa ohun tí Howard sọ yọ, pé gbólóhùn náà kò kan ìdílé àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fà á.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1865 tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ jókòó, akọ̀wé Ilé Aṣojú-ṣòfin, Edward McPherson, ń pe orúkọ, ó sì fo ti gbogbo àwọn tí ó wá láti Gúúsù. Horace Maynard láti Tennessee, ẹni tí kò bá ìjọba jà nígbà ogun, dìde láti sọ̀rọ̀. Wọn kò gbà fún un. Ẹ ka ìbò náà fúnra yín: 33 sí 11 ni Sẹ́nétì fi gba Àtúnṣe Kẹrìnlá wọlé ní oṣù Kẹfà ọdún 1866. Ìpínlẹ̀ 11 ló ṣọ̀tẹ̀, sẹ́nétọ̀ méjì-méjì ló tọ́ sí wọn. Fi 22 kún 11, ó di 33 sí 33, ìdá méjì nínú mẹ́ta tí Àtúnṣe náà nílò ti fò lọ. Georgia tilẹ̀ ti yan Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, pé kí ó wá jókòó sí Sẹ́nétì! Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ irú wọn, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

John Stockton ni n kò rí ojútùú sí. New Jersey ló ti wá, kì í ṣe Gúúsù, ó sì ti jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní oṣù Kejì, Sẹ́nétì fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò borí àtakò Johnson sí òfin àjọ tí ń tọ́jú àwọn tí a dá sílẹ̀, ìbò méjì péré ni kò jẹ́ kí ó bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí Johnson kọ̀ láti buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú gan-an, wọ́n yọ Stockton, wọ́n ní ìbò tí ilé aṣòfin New Jersey fi yàn án kò pọ̀ tó. Àtakò Johnson ṣubú ní oṣù Kẹrin, 33 sí 15. Bí Stockton bá wà níbẹ̀, yóò jẹ́ 33 sí 16, èyí tí ó ṣì tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta. Bí ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní Abùjá bá yọ alátakò kan lónìí nítorí pé wọ́n nílò ìbò lọ́la, jìbìtì ni n óò pè é, n kò sì ní dúró béèrè irú òfin tí wọ́n fẹ́ fi ìbò náà ṣe. Kí ni kí n wá pe ti ọdún 1866?