Questionnaire àti intafíù nìkan ò sọ ọ́ di triangulation

Mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ òní lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ másítà kan, ó ń fọwọ́ sọ̀yà pé "mixed methods ni mo ṣe o, mo pín questionnaire, mo dẹ̀ fi intafíù triangulate ẹ̀, àwọn méjèèjì bára mu, ọ̀rọ̀ bùṣe." Mixed methods ni pé kéèyàn pa ìwádìí tó ń ka iye pọ̀ mọ́ èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn; triangulation ni pé kó fi ọ̀nà tàbí ojú míì yẹ ohun tó rí wò bóyá òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ yín báyìí? Ó ti sú mi, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé tísísì wá pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ń bá a níbẹ̀.

Ẹ wò ó. O bi tíṣà kan lórí fọ́ọ̀mù pé ṣé ó máa ń jẹ́ káwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ó fàmì sí "nígbà gbogbo". Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e o jókòó tì í, o tan rẹ̀kọ́dà, o bi í ní ohun kan náà, ó ní "àh, nígbà gbogbo ni." Kí lo wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Ẹnì kan náà ló sọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó mú un pọ́n ara ẹ̀ lé lórí fọ́ọ̀mù dẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó sọ òótọ́ lójú ẹ. Àmọ́ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì yẹn, máa ka iye ọmọ tó nawọ́ sókè àti iye tí tíṣà pè nínú wọn, ìyẹn ló lè já a. Láti 1959 ni Campbell àti Fiske, àwọn onímọ̀ sáíkólọ́jì, ti kọ ọ́ pé àwọn ọ̀nà tá a fi ń wọn nǹkan gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra dáadáa kí ìfohùnṣọ̀kan wọn tó níyì. Ọ̀nà méjì tó ní àléébù kan náà lè fẹnu kò sórí irọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni tísísì kan tí tábìlì inú ẹ̀ ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn ètò tuntun tí wọ́n gbé dé, tí intafíù tó wà lẹ́yìn ìwé dẹ̀ kún fún ìráhùn pé ètò náà ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yọ gbogbo ìráhùn kúrò ní orí kẹrin, ó fi kìkì àwọn tó ń yin ètò síbẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó ní "wọn ò triangulate." Ibi tí ìwádìí ẹ̀ ti lọ́ràá jù ló gé dànù yẹn o! Àwọn olùwádìí kan, Greene, Caracelli àti Graham, ka ìdí márùn-ún tí èèyàn fi lè pa ọ̀nà pọ̀ ní 1989, triangulation kàn jẹ́ ọ̀kan, òmíì tí wọ́n pè ní initiation, ibi tí nǹkan ti ta kora gan-an ló ń wá.

Denzin, onímọ̀ nípa àwùjọ, náà ti pín triangulation sí oríṣi mẹ́rin ní 1970, o lè lo intafíù nìkan kó o dẹ̀ triangulate, bíi kí olùwádìí méjì tú u wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan á ní súpáfáísọ̀ ló ní káwọn ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di òótọ́ ni? Mo gbà pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tí triangulation lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ gé dátà dànù nínú wọn.

Kó o tó pín fọ́ọ̀mù kankan, kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ọ̀nà méjèèjì tó o fẹ́ lò máa dáhùn. Tí èsì bá dé, tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọn ò bá bára mu, kọ ọ́ síbẹ̀, kó o padà lọ bi àwọn èèyàn yẹn pé kí ló fà á.