Ọrùn tó lọ́ lẹ́yìn haloperidol kì í ṣe àsàsí
Àwọn kan ń pín in kiri lórí WhatsApp pé bí ọrùn ẹni tó ń gba haloperidol, ìyẹn oògùn àìsàn ọpọlọ, bá lọ́, àsàsí ni, kí ẹbí gbé e kúrò ní ọsibítù. Irọ́ tó léwu ni. Oògùn náà máa ń dín agbára dopamine, èròjà tó ń bá ọpọlọ darí iṣan, kù. Iṣan ọrùn, ahọ́n tàbí ojú lè tipa bẹ́ẹ̀ gan, pàápàá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń dẹ́rù bani lóòótọ́, àmọ́ oògùn kan tó ń jẹ́ benzhexol tàbí abẹ́rẹ́ lè tú u. Dókítà sì lè dín haloperidol náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, àìsàn náà lè padà. Ṣùgbọ́n bí mímí bá nira, tàbí tí gbogbo ara gan pẹ̀lú ibà ńlá àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kó tó tún lo haloperidol míì.