“Tó o bá kọ́ wọn, wọ́n á sá lọ Èkó”: ọ̀rọ̀ tí àwa ọ̀gá ń fi tan ara wa jẹ l'Ákùúrẹ́

Nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Alágbàká, ilé iṣẹ́ wọn tóbi díẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣe sọ́fíwíà tí wọ́n á fi máa kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n mú ọmọ méjì láti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, wá fún yín, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín fún oṣù mélòó kan, èmi náà á máa yọjú sí wọn. Ọkùnrin yìí kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Àbúrò, má dá mi lágara jàre. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn níbí mọ́, gbogbo wọn ti lọ Èkó. Tó o bá sì náwó lé èyí tó kù lórí, tójú ẹ̀ bá ti là báyìí, á sá ni.”

Mi ò bá a jiyàn torí àgbà ni, omi tútù tó gbé fún mi gan-an ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo rò ó: tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí, àwọn wo ló wá ń sá lọ? Ṣebí ibí ni wọ́n ti ń wọkọ̀. FUTA ti wà láti 1981, pólì Rufus Giwa wà l'Ọ́wọ̀, yunifásítì OAUSTECH wà l'Ókìtìpupa, ọdọọdún ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ jáde, ẹ dé South Gate FUTA nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wo iye ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù jókòó síbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún. Àwọn èèyàn wà o. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́nì kan máa fi lé wọn lọ́wọ́ ni kò sí.

Ẹ sì máa sọ pé SIWES ńkọ́, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti wà tipẹ́, 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọmọ yunifásítì lè lo oṣù mẹ́fà gbáko lọ́dọ̀ yín. Kí là ń fi oṣù mẹ́fà yẹn ṣe? À ń rán wọn lọ ra oúnjẹ. À ń rán wọn lọ ṣe fọ́tókọ́pì. Mo ṣí logbook (ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí) ọmọ kan rí tó wá bẹ̀ mí pé kí n gba òun síṣẹ́ lẹ́yìn tó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fi Windows sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá ẹ̀ sì buwọ́ lù ú, sítáńpù wà níbẹ̀ rekete. Mo ní kọ̀ǹpútà mélòó ni wọ́n ní níbẹ̀? Ó wo ilẹ̀. Ó ní méjì ni, sà, ọ̀kan ò sì ṣiṣẹ́.

Irú ọmọ yẹn tó bá jáde tán, a tún máa ní kó mú ìrírí ọdún méjì wá. Níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo ti sísá lọ yẹn. Ẹ lọ bá ọ̀gá mẹ́káníìkì èyíkéyìí, tàbí ọ̀gá télọ̀, ẹ bi í pé kí ló dé tó ń gba ọmọ iṣẹ́ nígbà tó mọ̀ pé wọ́n máa lọ. Á wò yín bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé. Ó ti mọ̀ pé ọmọ náà máa lọ látọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá. Ọjọ́ frídọ̀ọ̀mù gan-an, lílọ yẹn la torí ẹ̀ ta kánọ́pì, tí wọ́n se ìrẹsì, tí ọ̀gá gbàdúrà lé e lórí, tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, kí ọmọ lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ò pàdánù nǹkan kan, torí láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́rin tó fi ń kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Tó bá sì ti dá dúró, mọ́tò tí agbára ẹ̀ ò ká, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ náà ló ń wọ́ ọ wá. Àwa tá a wọ ṣẹ́ẹ̀tì jókòó sínú ẹ́síì nìkan lẹ̀rù ń bà. (Mi ò sọ pé ká kó ti lílù àti aṣọ fífọ̀ fún ìyàwó ọ̀gá mọ́ ọn o, ìyẹn burú, ká sì sanwó fún wọn.)

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí, tí mo rò pé ará Èkó nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Oníbàárà kan tó ń ra kòkó n'Ídànrè ní ká ṣe áàpù tí òun á fi máa kọ kòkó tí àwọn àgbẹ̀ bá gbé wá. Mo fi iṣẹ́ náà fún ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó fún ọdún mẹ́rin, mo sanwó gidi, áàpù náà rẹwà, ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan báyìí á máa tàn yanran. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn tó ń wọn kòkó ti padà sí nótùbúùkù wọn. Ọmọ IT kan (ọmọ SIWES nìyẹn) ló wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, bàbá ẹ̀ ní oko kòkó lọ́nà ibẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí kòkó ò bá gbẹ dáadáa, wọ́n máa ń yọ kílò kúrò nínú ẹ̀. Ibo ni wọ́n fẹ́ kọ ìyẹn sí? Owó tí wọ́n ti yá àgbẹ̀ kí kòkó tó so ńkọ́?” Ó tún ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lábà yẹn rárá. Mo dákẹ́. Òun ló tún un ṣe, mo jókòó tì í ní wákàtí kan lójoojúmọ́, ó fi ọ̀sẹ̀ méje ṣe é, kóòdù ẹ̀, ìyẹn ohun tó kọ fún kọ̀ǹpútà láti ṣe, nígbà yẹn rí wúruwùru bí ọjà Ọba lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ó di òní.

Ẹ má sì rò pé wàhálà Àkúrẹ́ nìkan nìyí. Andela, ilé iṣẹ́ onísọ́fíwíà kan, bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2014, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun kí wọ́n sì wáṣẹ́ fún wọn lókè òkun. Nígbà tó di 2019, wọ́n dá nǹkan bí 250 nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti Uganda, wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń fẹ́. Gbogbo wa la fẹ́ ra kòkó gbígbẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ sá a.

Ohun tó ń ná èèyàn gan-an ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń rò. Tábìlì kan, iná tí kì í já láàárín ọ̀sán, dátà, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, iṣẹ́ gidi kan tó kéré tí oníbàárà tòótọ́ ń dúró dè, àti ẹnì kan tó máa jókòó tì í. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ lè ra láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá kẹ́ ẹ tò ó, tí kò bá sẹ́ni tó ń ka kóòdù ọmọ yẹn kó sọ fún un pé ibí yìí ò da, fíìmù ni wọ́n á fi wò. Lórí owó, ilé iṣẹ́ tí òfin bá kàn ti ń san 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún ITF, ó kéré tán ó yẹ kó máa san án, ẹni tó bá sì fi hàn pé òun ń kọ́ òṣìṣẹ́ òun bó ṣe yẹ lè gba lára ẹ̀ padà. Mélòó nínú wa ló ti béèrè rí? Àwọn ọmọ 3MTT, ètò ìkọ́ni nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, náà wà káàkiri ìlú, wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n á ti fi ọwọ́ kàn án ni wọ́n ń wá.

Wọ́n máa lọ ṣá. Mi ò ní parọ́ fún yín, nínú márùn-ún tí mo ti gbà, méjì ti lọ, ọmọ kòkó yẹn wà lára wọn, ó dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti gbé iṣẹ́ méjì wá fún mi látìgbà náà. Àwọn mẹ́ta tó kù wà níbí, ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì látinú yàrá ẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ó ní owó ilé tí àwọn ará Èkó ń san, òun ò lè san án láéláé.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká yẹn pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àwọn ará Èkó ti fi iye tí wọ́n fẹ́ gbà ránṣẹ́ sí i, owó hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ méjì tí mo sọ yẹn, èló ni wọ́n á máa gbà lóṣù? Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á rò ó.

Ó ṣì ń rò ó.