Magnum kì í gbé ẹran ṣubú: ibi tí ọta gbà ló ń pa á

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló gbà pé bí ẹran bá ti tóbi, kátíríìjì magnum, ìyẹn èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ tó sì ń lé ọta sáré ju àwọn yòókù lọ, ni kí èèyàn kì sí ìbọn, torí pé agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé yóò gbé ẹran náà ṣubú, ì báà jẹ́ itan ni ọta bà, ì báà jẹ́ ikùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe ibi. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kì í fẹ́ ṣe sùúrù kó tó yìnbọn, ẹran á sì gbé ọgbẹ́ lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọta .300 Winchester Magnum tó wúwo tó gíréènì 180, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 11.7, ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní gbogbo ipá yẹn tán sára ẹran tó wúwo tó kílò 300, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ péré ni yóò lè sún un láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ipá tó bá ọta lọ níwájú náà ló ń bá ìdí ìbọn bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọta bá lè gbé ẹran ṣubú, ìdí ìbọn ì bá ti kọ́kọ́ gbé ọdẹ ṣubú.

Ẹran tó ṣubú lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọta kàn, tàbí kó jẹ́ pé eegun èjìká rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pa ẹran. Èyí tí ọta gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ méjèèjì kọjá ṣì lè sá fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kó tó wó lulẹ̀ ní yáàdì 50 tàbí 100 síbi tó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni .308, tí kì í ṣe magnum, ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni .338 Winchester Magnum ṣe ń ṣe é. Ẹran tí ọta gba ìfun rẹ̀ lè rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ìdí kátíríìjì.

Kí wá ni magnum ń fún wa? Ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ fi .30-06, tó ti wà láti ọdún 1906, wé .300 Winchester Magnum tó jáde lọ́dún 1963. Ọta gíréènì 180 ń jáde lẹ́nu .30-06 ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń jáde lẹ́nu .300 ní nǹkan bíi 2,960. Ọta kan náà ni, eré tó fi sá ju ti èkejì lọ kò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọta .300 bá sì ti rìn tó nǹkan bíi yáàdì 130, eré rẹ̀ ti wálẹ̀ sí iye tí ti .30-06 jẹ́ lẹ́nu ìbọn. Ẹran tí .300 bá lójú yáàdì 180 àti èyí tí .30-06 bá lójú yáàdì 50, ìyà kan náà ni wọ́n jẹ. Kò sí bí ọ̀kan ṣe lè máa pa á pátápátá kí èkejì máa ṣe é léṣe lásán.

Bí a bá tún ìbọn méjèèjì ṣe kí ọta wọn bọ́ sójú ibi tí a wò ní yáàdì 200, ìyàtọ̀ bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀ ní yáàdì 300 kò tó ínṣì 2. Ní yáàdì 500 ló ń di ínṣì 7 tàbí 8. Ẹni tí kò yìnbọn kọjá yáàdì 250 rí ń sanwó fún ohun tí kò ní lò.

Owó yẹn sì wúwo léjìká. Nínú ìbọn tí ìwúwo wọn dọ́gba, .300 ń gbáni léjìká ju .30-06 lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ti .375 H&H, magnum ńlá, ju ìlọ́po méjì lọ. Ara kì í gbàgbé. Lẹ́yìn bí ọta mẹ́wàá, ojú á ti máa dì kí ìbọn tó dún, ọwọ́ á já a gìrì, ẹnu ìbọn á tẹ̀ wálẹ̀. Èyí tó ṣe é kì í mọ̀, awò ìbọn ló máa ń bú. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé: ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín kì í, kó máa fi kátíríìjì òfìfo, irú èyí tí kò ní ẹ̀tù tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò, sáàárín àwọn gidi láìjẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Nígbà tí èyí tí kò ní ẹ̀tù bá kàn, ẹ wo ẹnu ìbọn. Bó bá mì tàbí tó tẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀rù tàpá ti wọ ara nìyẹn, magnum tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á tún bà á jẹ́ sí i ni.

Ohun kejì tó ń ṣẹlẹ̀, nítòsí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ọta òjé rírọ̀ tí wọ́n kàn fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tó sì fi eré magnum kọlu eegun èjìká ní yáàdì 40, sábà máa ń fọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹ bá la ẹran náà, ẹ ó rí ihò gbàgàdà tí kò jìn, ẹran pípọ́n tó ti di ọbẹ̀ ẹ̀jẹ̀, àwẹ́ bàbà wẹ́wẹ́ àti òjé bí iyanrìn. Ọta yẹn dára lẹ́nu .308 torí pé eré tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lo magnum nínú igbó dídí, kó ra ọta tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ bàbà, tàbí èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, tàbí Nosler Partition tó ní ògiri bàbà láàárín. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú kátíríìjì ńlá àti ọta tó dáa, ọta tó dáa ni màá mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Súwídìn, òfin gbà kí wọ́n fi ọta gíráàmù 10 tó ṣì ní agbára júùlù 2,000 ní mítà 100 pa moose, ẹran ìdílé àgbọ̀nrín tó lè wúwo ju kílò 400 lọ. Kátíríìjì 6.5×55 dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe magnum.

Òrùka idẹ tó yí ìdí ọ̀pọ̀ magnum ká náà ní ìtàn èké tirẹ̀, pé ó ń fún kátíríìjì lágbára. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dá kátíríìjì dúró síbi tó yẹ nínú ìbọn, torí pé èjìká kátíríìjì .375 H&H ti ọdún 1912, ìyẹn ibi tó ti ń tín-ínrín lọ sí ọrùn, rọra dà sílẹ̀, kò lè dá a dúró dáadáa. .300 PRC kò ní òrùka kankan, magnum ni síbẹ̀.

Erin àti ẹfọ̀n nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà kò gba ohun tó kéré sí .375 fún wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹfọ̀n tó ń bọ̀ wá kan ni kì í fúnni láyè láti mú igun tó wuni. Ọta gíréènì 300 tó nípọn, tí kì í fẹ̀, lè gba agbárí kọjá dé ọpọlọ. Àmọ́ W. D. M. Bell, ọmọ Scotland tí wọ́n ń pè ní Karamojo, pa erin tó ju 1,000 lọ, 7×57 Mauser, kátíríìjì kékeré tí kì í ṣe magnum, ló sì fi pa púpọ̀ nínú wọn, torí pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Mo mú un wá kí ẹ lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Bí ẹ bá wà láàárín kátíríìjì méjì, ẹ gé bébà róbótó tó fẹ̀ ní ínṣì 8, ìyẹn bí àyè ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín ṣe tó. Ẹ yìn ín ní ìjókòó tàbí ní ìkúnlẹ̀ bí ẹ ó ṣe ṣe é nínú igbó, kì í ṣe lórí tábìlì. Ọta márùn-ún, ní yáàdì 100, 150, 200, bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó jìnnà jù tí márààrún ṣì wọ inú bébà ni ibi tí kátíríìjì yẹn parí sí lọ́wọ́ yín. Bí .30-06 bá gbé yín dé 250, tí .300 sì dúró ní 200, .30-06 ni kí ẹ gbé lọ.